Ọmọláńgidi Aláìlórí ní Joju

Àwọn tó lọ sí òkè òkun máa ń ní ìtàn òtútù láti sọ bí wọ́n bá délé. Tèmi ò ní òtútù nínú. Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n bí mi sí, Ọ̀tà ni mo sì lọ. Ẹni tó bá tètè jí lè jẹ ẹ̀kọ ní Kétu láàárọ̀ kó sì jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Ṣàngó Ọ̀tà. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé mo ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, ṣe ni wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá náà la wá ń pè lókèèrè báyìí.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ kí n tó débẹ̀. Àṣé ó sàn kéèyàn jẹ́ àlejò láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, torí wọn ò ní retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ọ̀tà, wọ́n á gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, wọ́n á sì tún bi mí pé èdè wo nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ra ọṣẹ ní Toll Gate, obìnrin tó ń tà á pe ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ẹ wá gbọ́ bí eléyìí ṣe ń sọ̀rọ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi ọṣẹ kékeré kan ṣe ènì fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bínú, ni mo bá dúpẹ́. Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, orúkọ tí wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ìhà Kùtọnu wá, yálà ó gbọ́ Yorùbá tàbí kò gbọ́.

Lásìkò náà, ṣọ́ọ̀ṣì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Ilé ìkẹ́rù tó ṣófo lónìí, tí ẹ bá padà débẹ̀ láìpẹ́, ẹ ó bá àga funfun àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbẹ̀. Yunifásítì náà ń dìde lẹ́yìn odi gíga, àwọn ọmọ tó de táì mọ́rùn nínú oòrùn á máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn ń ti ibi gbogbo wá torí iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì yìí: awakọ̀, alásè, akọrin, atẹ̀wé. Àlejò ló pọ̀ jù nínú wa. Ohun tó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni bí àlejò ṣe máa ń yára mọ ẹni tó jẹ́ àlejò ju òun lọ.

Ilé iṣẹ́ ike kan ní Ṣàngó ló gbà mí. Ọmọláńgidi ni wọ́n ń ṣe níbi tí wọ́n fi mí sí. Ẹ̀rọ kan á tu ara jáde, ẹ̀rọ mìíràn á tu orí jáde, wọ́n á sì da méjèèjì sórí tábìlì wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ọ̀bẹ gé ike tó bá yọ létí, kí n sì ki orí bọ ọrùn. Tó bá ti dún "kọ̀", ó ti wọlé nìyẹn. Bí orí bá tán lórí tábìlì, sùpáfáísà wa á fi pijin kígbe pé, "Bring head! Head don finish!" Gbogbo wa á sì sáré lọ gbé orí wá. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn títí tó fi jẹ́ pé bí mo bá sùn, àtàǹpàkò mi á ṣì máa tẹ nǹkan.

Èyí tí kò bá dára là ń pè ní rijẹ́ẹ̀tì: èyí tí ojú rẹ̀ wọ́, èyí tí apá rẹ̀ gùn jura. Bí wọn ò bá tíì kùn ún lọ́dà, wọ́n á lọ̀ ọ́ padà. Èyí tí ọ̀dà bá ti kàn kò ṣeé lọ̀ mọ́, torí ó máa ń ba àwọ̀ ike tuntun jẹ́. Ẹ̀yìn ọgbà ni wọ́n ń kó ìyẹn sí, ẹni tó bá fẹ́ lè tọrọ. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ àfi èmi. Sùpáfáísà á kó wọn fún mi, á ní kí n bá òun kí àwọn ọmọ. Mi ò lọ́mọ.

Ayàwòrán ni mí. Mo ti jẹ́ ayàwòrán kí n tó máa ki orí bọ ọrùn. Fadá kan ní Kétu ní àwọn ìwé ìtàn aláwòrán tí wọ́n kọ lédè Faransé, ó máa ń yá wa kà lẹ́yìn ìjọsìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èèyàn lè la ojú ìwé sí yàrá yàrá, kí ó fi èèyàn sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu wọn nínú ohun roboto funfun kan lókè orí. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Ọ̀tà, mo jí ọ̀kan nínú ìwé náà gbé. Mo sọ ọ́ fún Fadá nígbà tó yá, ó ní òun mọ̀.

Yàrá kan péré ni mo háyà ní àdúgbò Joju, ibẹ̀ náà ni ibi iṣẹ́ mi. Ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ tí kò ní maṣíìnì lórí mọ́ ni tábìlì mi. Mo gbé gíláàsì fèrèsé lé orí báàfù ike, mo ti tọ́ọ̀ṣì bọ abẹ́ rẹ̀, kí n lè máa rí ìlà àwòrán ti ìsàlẹ̀ nígbà tí mo bá ń da èyí tó dára yà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn kọ́tìnì, níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà, mo fi kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe pẹpẹ. Orí pẹpẹ yìí ni àwọn ìṣúra mi wà. Ìdérí ìgò wà níbẹ̀, mọ́tò tí wọ́n fi agolo ṣe wà níbẹ̀, àti kàlẹ́ńdà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Inú kàlẹ́ńdà wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya eyín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọláńgidi rijẹ́ẹ̀tì ló ga jù lójú mi.

Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wà nínú ìtàn mi ló ní ọmọláńgidi tirẹ̀. Mo máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sórí bébà kékeré, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí n má baà ṣì í mú. Bí mo bá fẹ́ ya ibi tí wọ́n ti ń jà, màá tò wọ́n bíi pé wọ́n ń jà, màá tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, màá wá wo ibi tí òjìji wọn ṣubú sí. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó ga nínú yàrá kìíní kúrú nínú yàrá kẹta. Nígbà mìíràn, màá máa bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn Kétu mi, torí àwọn nìkan ni kì í ní kí n tún un sọ.

Bàbá tó ni ilé náà, Àlàájì, ọmọ bíbí Ọ̀tà ni. Káfíńtà ni wọ́n. Àwọn onílé tí mo ti kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní àwọn ò gba Àgànyìn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àlàájì, tí mo ní Kétu ni mo ti wá, wọ́n nu ìyẹ̀fun pákó kúrò lójú, wọ́n ní, "Kétu? Ṣé ìyẹn náà làlejò?" Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo fẹ́ràn wọn láti ọjọ́ náà lọ.

Sísítà Bọ́lá ló ń gbé yàrá tó kàn mí. Ọkọ rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì fún yunifásítì kan, òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọjọ́ tó wá yá asẹ́ lọ́wọ́ mi ló rí ojú ìwé kan lórí tábìlì. Ó gbàgbé asẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ ya eléyìí, Sísítà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ọwọ́ yín yìí?" Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn fẹ́ máa tẹ ìwé ìròyìn fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì ń wá ẹni tó máa ya ìtàn sí i. Ó kó àwòrán mi lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní pásítọ̀ tó ń mójú tó ìwé náà ní kí n ya ìtàn kan, pé bó bá dára, tèmi ni yóò máa jáde nínú rẹ̀ lóṣooṣù. Inú Sísítà dùn ju tèmi lọ. "Ẹ bá mi fi Ìní síbẹ̀ o," ló wí. Ìní ni ọmọbìnrin rẹ̀. Mo fi Ìní ṣe olórí ìtàn náà, mo wá ọmọláńgidi kan fún un, èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan pọ̀ ju ìkejì lọ.

Sísítà nìkan ni mo lè pè lọ́rẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú á máa gùn fún mi gan-an. Gbogbo ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orin tí mi ò mọ̀ á máa wọlé láti ojú fèrèsé gbogbo, èmi á sì jókòó sáàárín àwọn rijẹ́ẹ̀tì mi. Àárò ilé á máa sọ mí. Bó bá ti pọ̀ jù, màá lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta kóòlù ní Toll Gate, màá pe ilé tẹlifóònù kan ní Kétu, wọ́n á rán ẹnìkan lọ pe Màmá mi. Kóòlù Kétu wọ́n ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ nígbà náà, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó ṣírò rẹ̀. Màmá kì í mọ̀ pé àkókò ń lọ. Á kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà mi, á bèèrè iṣẹ́, á bèèrè oúnjẹ, á wá ní, "Ó dáa, kí ló dé tó o pè?" Ibẹ̀ ni kóòlù á ti gé.

Mo ní ayọ̀ kéékèèké tèmi náà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dá mi dúró ní Toll Gate pé ọ̀nà Adó-Odò ńkọ́, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo júwe rẹ̀ fún un. Ó dúpẹ́, ó lọ. Kò bi mí pé níbo ni mo ti wá. Ẹ̀rín ń pa mí títí mo fi délé.

Òjò ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Òrùlé mi ń jò, Àlàájì sì wá tún un ṣe fúnra wọn. Wọ́n sún kọ́tìnì kí àkàbà lè ráyè, wọ́n rí pẹpẹ. Wọ́n dúró wò ó dáadáa.

"Ọmọ mi, kí nìwọ̀nyí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ mi ni, Bàbá. Àwọn ni mo ń wò ya àwòrán."

Wọ́n fọwọ́ kan ògiri. "Ẹ̀yìn ibí yìí gan-an ni mo ti ń kírun. Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé mọlẹ́kà kì í wọ ibi tí ère bá wà." Wọ́n rí i pé ojú mi yí padà. "Mi ò lé ẹ o. Mi ò sì ní kó o dà wọ́n nù, iṣẹ́ ẹni niṣẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n tí kò bá ti lórí, kì í ṣe ère mọ́. Ó ti dà bí igi nìyẹn."

"Tí kò bá lórí, kò sí wàhálà?"

"Kò sí wàhálà kankan."

Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́jọ́ náà, lójú tèmi, oògùn rẹ̀ gan-an ni. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń yọ orí ọmọláńgidi jù mí lọ? Kí Àlàájì tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo ti yọ gbogbo wọn, mo da orí wọn sínú agolo mílíìkì ńlá. Wọ́n súre fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ ṣiṣẹ́, màá ki orí bọ̀ wọ́n, bí mo bá ṣe tán, màá yọ ọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹlòmíràn tún lè wo pẹpẹ náà lójú mìíràn. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nídìí kànga nígbà tí Sísítà Bọ́lá sáré bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Pásítọ̀ ti fọwọ́ sí ìtàn náà, ìyẹn ni ìròyìn tó mú bọ̀. Kò bá mi nínú yàrá, ó rò pé mo ṣì ń sùn, ó sún kọ́tìnì.

Ohun tó rí nìyí: àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n tò lọ gbọọrọgbọ, tí kò sí ọ̀kan tó lórí nínú wọn. Èyí tó wà níwájú, wọ́n kọ Ìní sí i lẹ́sẹ̀. Agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò ní ìdérí, gbogbo orí ibẹ̀ sì ń wo òkè.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi o!"

Mo fi garawa sílẹ̀, mo sáré. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ilé ti kún. Àwọn tí mi ò rí rí ti dé láti òpópónà. Ẹnìkan ní òun ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n yé gba àwọn Àgànyìn sílé. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti fi orí ọmọ olọ́mọ ṣe nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó, ohùn Kétu mi ló jáde pátápátá, wọ́n sì rò pé ọfọ̀ ni mo ń pè. Ẹnìkan lẹ́yìn dárúkọ taya. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àlàájì ló gba àárín wọn kọjá. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà mi. "Èmi ni mo ní kó yọ wọ́n lórí," ni wọ́n wí.

Gbogbo ojú yí sí Àlàájì. Obìnrin kan wá káwọ́ lórí. "Háà! Àlàájì náà wà níbẹ̀!"

Ariwo tún sọ. Bàbá arúgbó yìí wò wọ́n, wọ́n ní, "Torí àdúrà ni. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀sìn wa, kó lọ bèèrè. Ẹni tó bá sì fẹ́ sun yàrá yìí, ilé mi ló fẹ́ sun. Kó bọ́ síwájú kí n mọ̀ ọ́n." Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Ọkọ Sísítà, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ló wá dábàá pé kí wọ́n jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì bá wọn dá sí i.

Pásítọ̀ ìwé ìròyìn náà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó wo àwọn ọmọláńgidi láì fọwọ́ kàn wọ́n, ó wá wo àwọn ojú ìwé mi fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín níbi tí Ìní ti ń lé adìyẹ.

"Iṣẹ́ yín dára gan-an, Sísítà," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti rí ohun tí wọ́n rí. Ohun tá a máa ṣe ni pé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́rìí, a máa sun wọ́n, ọ̀rọ̀ tán. Ìtàn yín á sì jáde."

"Ẹ̀rí wo ni màá jẹ́, sà?"

"Pé ẹ wà nínú òkùnkùn tẹ́lẹ̀, Olúwa ti dá yín nídè. Ẹ ò ní láti sọ púpọ̀."

Sísítà Bọ́lá kúnlẹ̀ níwájú mi, ẹkún ló ń sun. "Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ó ti tán. Ìní á tún lè máa wá sọ́dọ̀ yín." Ó fẹ́ràn mi, mo mọ̀. Ó fẹ́ kí n jẹ́ àjẹ́ tó ti ronú pìwà dà, torí ọ̀nà kan tó mọ̀ tí mo lè gbà dúró nínú ilé náà nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti gbọ́ ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti ojú fèrèsé mi, mo mọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá jẹ́rìí, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n á dì mọ́ ọn, kò sì ní jẹ́ àlejò mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn kan ti ìlú jíjìnnà wá, ẹ̀rí ọjọ́ kan ló sọ wọ́n di ará ilé. Ó ti sú mi kí n máa jẹ́ Àgànyìn. Ike lásán làwọn ọmọláńgidi náà, mo lè rí òmíràn tọrọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ní kí n sọ, mo sì ti ń tò ó nínú orí.

Mo lọ pe Màmá láti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bèèrè oúnjẹ.

"O fẹ́ sọ pé àjẹ́ ni ọ́?"

"Wọn ò dárúkọ àjẹ́, Màmá. Òkùnkùn ni wọ́n ní."

"Ta ni wọ́n máa ní ó fún ọ?"

Mo wojú aago tí wọ́n fi ń ka kóòlù.

"Èmi ni mo bí ọ," ló wí. "Ọwọ́ ìyá ni wọ́n ń sọ pé ọmọ ti ń gbà á. Àwọn ará Ọ̀tà ń wá ra àgbàdo lọ́jà wa. Ọ̀rọ̀ tó o bá sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó máa dé ibí ṣáájú ọ. O mọ ohun tójú Ìyá Ẹlẹ́pà rí."

Mo mọ̀ ọ́n. Opó kan ládùúgbò wa ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbì kan, wọ́n sì lé ìyá náà kúrò nílé ọkọ rẹ̀. Ahéré lóko ló ń dá gbé.

"Ẹyin lohùn," ni Màmá wí, "mo sì ti dàgbà jù láti máa sá." Kóòlù gé.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kó àwọn ọmọláńgidi sínú àpò, mo gbé agolo orí dání, mo tẹ̀ lé Sísítà Bọ́lá. Ilé ìkẹ́rù ni ṣọ́ọ̀ṣì náà tẹ́lẹ̀, ó fẹ̀ débi tí mi ò fi rí ìpẹ̀kun rẹ̀. Lójú ọ̀nà títí dé ibẹ̀, mi ò tíì mọ èwo ni màá sọ. Nígbà tí wọ́n pè mí síwájú, Pásítọ̀ fún mi ní gbohùngbohùn, òun náà mú tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí n fi àwọn nǹkan náà han ìjọ. Àwọn èèyàn ké. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí Màmá ti bi mí.

"Ta ló fún yín?"

Mo ní, "Ilé iṣẹ́ ike ni, sà."

"Mo ń sọ̀rọ̀ nípa ti ẹ̀mí. Ta ló kó wọn lé yín lọ́wọ́? Ṣé láti ilé ni?"

"Rárá o, sà." Ohùn mi dún padà láti gbogbo igun. "Màmá mi ò mọ nǹkan kan nípa wọn. Sùpáfáísà wa ló kó wọn fún mi. Rijẹ́ẹ̀tì ni wọ́n. Onílé mi ń kírun lẹ́yìn ògiri ni mo fi yọ wọ́n lórí. Sísítà Bọ́lá ò purọ́, ohun tó rí ló bà á lẹ́rù, mo sì ń bẹ̀ ẹ́." Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Mo mú Ìní nínú àpò, mo wá orí rẹ̀ nínú agolo, mo fi gbohùngbohùn sí abíyá, mo ki orí bọ ọrùn bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́.

"Kọ̀," ni gbogbo ilé ìkẹ́rù náà gbọ́.

Ohùn kan wá ti ẹ̀yìn pátápátá wá, láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru: "Bring head! Head don finish!"

Ẹ̀rín bú. Mo ti gbàgbé pé ọwọ́ àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń jáde ní Ṣàngó ti ń jáde. Obìnrin kan nínú akọrin na ọwọ́ sókè, ó ní òun lòun kun bàtà èyí tí mo mú lọ́wọ́. Pásítọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀. Ó rọra gba gbohùngbohùn lábíyá mi, ó ní kí a fi orin yin Olúwa. Mo kó ẹrù mi, mo jókòó.

Wọn ò sun nǹkan kan. Wọn ò sì tẹ ìtàn mi. Pásítọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn àgbà ìjọ ní kí ọ̀rọ̀ náà tutù ná, títí dòní ni ó ṣì ń tutù. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ní ilé iṣẹ́, àwọn tí kò kí mi rí bẹ̀rẹ̀ sí í mú rijẹ́ẹ̀tì tiwọn wá fún mi: kóòmù tí kò léyín, ìgò tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀. Pẹpẹ mi kún. Àlàájì gbé ẹní ìkírun wọn lọ sí yàrá kejì, wọ́n ní aápọn orí yíyọ náà ti pọ̀ jù fún mi.

Ṣùgbọ́n Sísítà Bọ́lá kò yá asẹ́ mọ́. Òun ló mú mi dé ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni wọ́n sì ń rín lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán. Bí a bá pàdé nídìí kànga, á kí mi, á sì wo ilẹ̀. Màá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ara ògiri, tó ń kọ́ Ìní ní ìṣirò, àárò rẹ̀ á sì máa sọ mí bí àárò Kétu. Báyìí ni òjò ọdún náà ṣe kọjá.

Ní àárọ̀ kan nínú ọyẹ́, kí n tó lọ síṣẹ́ ọ̀sán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Sísítà ni. Ó gbé òkìtì bébà kan dání, àwọn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti tẹ̀ wọ́.

"Wọ́n fẹ́ dà á nù ni," ló wí. "Ó mọ́ lẹ́yìn."

Kò gbẹ́sẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó na bébà náà sí mi, mo fọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ìní ní kí n bi yín pé ṣé òun ṣì wà nínú ìtàn yẹn."

"Ó wà níbẹ̀."

Ó mi orí. Ó yí padà láti lọ, ó wá tún dúró. "Màmá ńkọ́?" ló wí. "Màmá yín ní Kétu, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Láti ọjọ́ tí mo ti dé Ọ̀tà, wọ́n ti bi mí ní èdè, wọ́n ti bi mí ní ẹ̀sìn, wọ́n ti bi mí ní ohun tí mo ń fi ọmọláńgidi ṣe. Kò tíì sẹ́ni tó bèèrè ìyá mi rí. Ohun tí Màmá sọ gbẹ̀yìn nípa Sísítà Bọ́lá kò ṣeé jẹ́ níṣẹ́ fún ọmọlúàbí.

Mo ní, "Wọ́n wà dáadáa. Wọ́n ní kí n kí yín o."